Ìwé Kan, Ẹnu Púpọ̀

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá fetí sílẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ Ìsinmi ní ìjọ Yorùbá èyíkéyìí nílùú Abuja níbí, Yorùbá méjì lẹ ó gbọ́. Èkíní ni èyí tí à ń kà: ó wà nínú Bíbélì, ó wà nínú ìwé orin, ó wà nínú ìkéde tí akọ̀wé kọ sílẹ̀. Èkejì ni èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí a bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, tí kálukú ń wá bàtà ọmọ rẹ̀ kiri. Ìwé á ní, "Èmi kò mọ̀", àwa á ní, "Mi ò mọ̀." Ìwé á ní, "Kí ó wá sí ilé", àwa á ní, "Kó wá sílé." Tí a bá sì jáde sínú ọgbà, méjì yẹn tún di mẹ́wàá. Àwọn ará Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Owé á máa kí ara wọn ní "Òkun o." Ará Èkìtì á ní òun fẹ́ tètè dé "ulé." Ará Ìbàdàn á béèrè pé, "Sé kò sí?" A kì í sábà nílò ògbufọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wa tí ẹnu rẹ̀ bá ìwé mu délẹ̀délẹ̀.

Ta ló wá ni Yorùbá inú ìwé yìí? Ìlú wo ni wọ́n ti ń sọ ọ́?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Àwọn àgbàlagbà kan wà láàárín wa tí wọ́n mọ Ìwé Mímọ́ ju ẹni tó ń wàásù lọ, tí wọn kì í gbà láti gbàdúrà ní gbangba, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé wọ́n á fi "èdè oko" wọn rẹ́rìn-ín. Àwọn òbí kan sì wà tó ń sọ pé kí ìjọ kúkú yí gbogbo nǹkan sí Gẹ̀ẹ́sì, torí àwọn ọmọ ò lè ka Yorùbá. Lójú mi, ìdí kan náà ló gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì dúró: a ti gbà lọ́kàn wa pé èyí tó wà nínú ìwé ni ojúlówó Yorùbá, pé èyí tó wà lẹ́nu wa kàn jẹ́ àjákù rẹ̀ ni. Ìtàn ò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí á tó dé orí tiwa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àwọn èèyàn kan tí ọ̀rọ̀ ìwé àti ẹnu ti ń bá fínra tipẹ́tipẹ́, ìyẹn àwọn ará Ṣáínà.

Àmì kan, ohùn púpọ̀

Àwọn Ṣáínà kì í ṣe àjèjì sí wa ní Abuja. Iléeṣẹ́ wọn, CCECC, ló ṣe rélùwéè Abuja sí Kaduna tí wọ́n ṣí ní 2016, òun náà ló ṣe rélùwéè inú ìlú tí wọ́n ṣí ní 2018. Ọ̀pọ̀ wa ti rí ìwé wọn lára ẹ̀rọ àti lára páálí ọjà, àwọn àmì tó dà bí ilé kéékèèké tí wọ́n fi igi kọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé èdè kan ṣoṣo ni èdè Ṣáínà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mandarin ni ìjọba ń lò, òun ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ nílé ìwé, inú èdè àríwá ló sì ti jáde, ní agbègbè Beijing. Cantonese ni ti gúúsù, ní Guangzhou tí àwọn Òyìnbó máa ń pè ní Canton, àti ní Hong Kong. Ẹni tó gbọ́ Mandarin nìkan kò lè gbọ́ Cantonese, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gbọ́ Yorùbá nìkan kò ṣe lè gbọ́ Ígálà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbátan ni Yorùbá àti Ígálà. Ohùn Mandarin mẹ́rin ni. Ti Cantonese jẹ́ mẹ́fà. Tiwa, bí a ṣe mọ̀, mẹ́ta ni: dò, re, mí.

Báwo ni wọ́n ṣe wá ń ka ìwé kan náà? Ẹ wo iye ọjà tí wọ́n kọ sára páálí ní ọjà Wuse. Bí wọ́n bá kọ 5, ọmọ Yorùbá á kà á ní "márùn-ún," Hausa á kà á ní "biyar," Igbo á kà á ní "ise." Àmì kan, ohùn mẹ́ta, ìtumọ̀ kan. Báyìí ni ìwé Ṣáínà ṣe rí, àfi pé àwọn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú àmì bẹ́ẹ̀. Àmì tó dúró fún "èèyàn," Mandarin ń pè é ní "rén," Cantonese ń pè é ní "yan." Ẹni méjì tí wọn ò gbọ́ra wọn lẹ́nu lè jókòó, kí wọ́n kọ lẹ́tà síra wọn, kí wọ́n sì jọ lóye.

Torí èyí ni àwọn kan ṣe máa ń sọ pé ìwé Ṣáínà kò ṣojúsàájú, pé gbogbo ẹnu ló ni ín bákan náà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Mandarin ń lo "shì" fún "jẹ́". Cantonese ń lo "hai," ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá tó ní àmì tirẹ̀. "Kò" nínú Mandarin ni "bù"; nínú Cantonese, ṣe ni wọ́n ń pa ètè pọ̀ tí wọ́n ń fi imú sọ ọ́, "m̀." Ọmọ ilé ìwé ní Hong Kong tó bá fẹ́ kọ àròkọ kò ní kọ "hai" tó ń sọ pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Àmì "shì" ti àríwá ló máa kọ, tó bá wá ń kà á sókè, yóò pe àmì náà bí àwọn ará gúúsù ṣe ń pè é. Ohun tó ń kà kì í ṣe ohun tó ń sọ. Ọ̀nà wà o, tí wọ́n fi ń kọ Cantonese sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n ń lò ó nínú ìpolówó ọjà, nínú àwàdà, àti nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ilé ìwé àti ti ìwé ńlá, ìlànà àríwá ni wọ́n ń tẹ̀lé.

Bẹ́ẹ̀, Mandarin gan-an ò pẹ́ lórí oyè. Fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, kì í ṣe Mandarin, kì í sì í ṣe Cantonese ni àwọn ọ̀mọ̀wé Ṣáínà ń kọ. Èdè ìwé àtijọ́ kan ni, tí ẹnu ti fi sílẹ̀ tipẹ́. Òun ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò tí ọba fi ń yan òṣìṣẹ́, títí wọ́n fi fòpin sí ìdánwò náà ní 1905. Àgbẹ̀ tàbí alájàpá kò lè kà á. Ní 1917, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Hu Shi kọ àpilẹ̀kọ tó lókìkí, ó ní kí wọ́n jáwọ́ nínú àfarawé àwọn ará àtijọ́, kí wọ́n máa kọ ohun tó sún mọ́ ohun tí ẹnu ń sọ. Ní 1920, ìjọba pàṣẹ pé èdè tó sún mọ́ ti ẹnu ni kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé.

Ṣùgbọ́n ẹnu ta ni? Èyí gan-an ni ìjà. Ní 1913, wọ́n ti kó àwọn aṣojú jọ sí Beijing láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa pe àmì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dìbò. Ohun tó jáde jẹ́ àdàlù àríwá àti gúúsù, tí kò sí ìyá kankan tó ń sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀. Kò wá rọrùn láti rí olùkọ́ tó lè fi kọ́ni, torí kò sí ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Nígbà tó yá, wọ́n pa á tì, wọ́n sì mú bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Beijing. Ní 1956, ìjọba ilẹ̀ Ṣáínà dín ìlà ọ̀pọ̀ àmì kù kí ó lè rọrùn láti kọ. Hong Kong àti Taiwan di ti àtijọ́ mú. Ní 1958, wọ́n fọwọ́ sí ìlànà tí a fi ń fi lẹ́tà ABD kọ bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀ Mandarin, èyí tí à ń pè ní pinyin.

Bíbélì náà la ojú ọ̀nà yìí kọjá. Robert Morrison dé Canton ní 1807, wọ́n sì tẹ odindi Bíbélì tó túmọ̀ jáde ní 1823, ní èdè ìwé àtijọ́ tí ọ̀mọ̀wé nìkan lè kà. Ní 1890, àwọn míṣọ́nnárì pàdé ní Shanghai, wọ́n sì pinnu láti ṣe ìtumọ̀ tí gbogbo ìjọ lè jọ máa lò. Ti Mandarin inú wọn jáde ní 1919, lásìkò gan-an tí ìjà èdè ń gbóná, òun sì ni ọ̀pọ̀ ìjọ ilẹ̀ Ṣáínà ṣì ń kà títí dòní. Ìjọ tó wà ní Hong Kong á ṣí i, á sì fi ohùn Cantonese kà á.

Lẹ́tà tiwa ń gbé ohùn

Ẹ jẹ́ ká padà wá sílé. Àmì Ṣáínà ń gbé ìtumọ̀. Ó lè fi ohùn sílẹ̀ fún olúkúlùkù. Lẹ́tà tiwa ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí o bá ti kọ "ilé," o ti yan ẹnu kan, o sì ti fi "ulé" sílẹ̀. Torí náà, ohun tí àwọn Ṣáínà lè sún síwájú fún ọ̀pọ̀ ọdún, dandan ni kí àwọn tó kọ́kọ́ kọ Yorùbá ní lẹ́tà ABD pinnu rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

(Mo ní "ní lẹ́tà ABD" torí pé àwọn àlùfáà Mùsùlùmí ní Ìlọrin àti láwọn ìlú mìíràn ti ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá. Ìyẹn náà ní ìtàn tirẹ̀.)

Ìpinnu náà kò bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá rárá. Freetown ló ti bẹ̀rẹ̀, ní Sàró. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sọ àwọn ẹrú tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú òkun kalẹ̀ sí. Ogun ló tú àwọn èèyàn wa ká nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni ará Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú àti àwọn mìíràn ṣe bá ara wọn ládùúgbò kan náà. Nílé, olúkúlùkù ní orúkọ ìlú tirẹ̀. Ní Freetown, àwọn tó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn ní "Ẹ kú, ẹ kú" sọ gbogbo wọn ní Akú. Ẹ rántí àwọn ará wa tí a ń pè ní Òkun ní Kogi: ìkíni ló sọ àwọn náà lórúkọ.

Láàárín àwọn Akú yìí ni John Raban, míṣọ́nnárì CMS, ti tẹ àwọn ìwé kéékèèké nípa èdè wọn jáde láti 1830 sí 1832. Láàárín wọn náà ni Àjàyí Crowther dàgbà sí. Ọmọ Òṣogùn ni, ní ẹkùn Ìṣẹ́yìn. Wọ́n mú un lẹ́rú ní 1821, ó sì dé Freetown ní 1822. Ní 1843, ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá àkọ́kọ́ tirẹ̀ jáde, ọdún yẹn náà ni wọ́n sì fi joyè àlùfáà. Ní January 1844, ó wàásù ní Yorùbá ní Freetown. Ẹ fojú inú wo àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀: ìlú kálukú yàtọ̀, ẹnu kálukú yàtọ̀, ẹni kan sì dìde láti bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìjọ wa ní Abuja yìí ni mo máa ń rí bí mo bá rò ó.

Nígbà tó di 1846, Crowther ti wà ní Abẹ́òkúta, láàárín àwọn Ẹ̀gbá. Ẹnu Ọ̀yọ́ ló ti ilé gbé wá, etí rẹ̀ ti gbọ́ àdàlù Freetown, ó sì tún wá ń gbọ́ ti Ẹ̀gbá lójoojúmọ́. Ó ń gba ọ̀rọ̀ àti òwe jọ lẹ́nu àwọn èèyàn. Ìwé atúmọ̀ rẹ̀ ti 1852 kún fún òwe. Òun nìkan kọ́ ló ṣe iṣẹ́ Bíbélì. Thomas King wà níbẹ̀, àwọn mìíràn náà sì wà níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, ìwé kan lẹ́yìn òmíràn, títí odindi rẹ̀ fi parí ní 1884.

Ní 3 December 1859, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn kan ní Abẹ́òkúta. Ẹ wo orúkọ tó sọ ọ́: Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. "Ẹ̀gbá àti Yorùbá"! Lójú àwọn ará ìgbà yẹn, Yorùbá ni àwọn ará Ọ̀yọ́; Ẹ̀gbá ni Ẹ̀gbá. Orúkọ tí gbogbo wa ń jẹ́ lónìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ̀ nígbà náà ni, ìwé sì wà lára ohun tó fẹ̀ ẹ́.

Bí àwọn míṣọ́n ti ń pọ̀ sí i, olúkúlùkù ń kọ lẹ́tà bó ṣe wù ú. Ní January 1875, wọ́n ṣe àpérò ní Èkó láti fẹnu kò, Crowther tó ti di bíṣọ́ọ̀bù láti 1864 ló sì ṣalága. Àmì ìsàlẹ̀ tó ya ẹ kúrò lára e, tó ya ọ kúrò lára o, tó ya ṣ kúrò lára s, wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Wọ́n gbà pé p nìkan tó láti kọ ìró tí àwọn kan ń kọ ní kp. Ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí yìí la ń lò fún bí àádọ́rùn-ún ọdún kó tó di pé wọ́n tún ibì kan ṣe.

Ohun tó wọlé, ohun tó dúró sẹ́nu ọ̀nà

Kí ló wọ inú ìwé? Ọ̀yọ́ ni egungun rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹran ara rẹ̀ ti ibi púpọ̀ wá. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ ṣí ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá sí abẹ́ lẹ́tà U. Ẹ ò ní bá ohun tó pọ̀ níbẹ̀, torí nínú Yorùbá inú ìwé, u kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ní Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ojoojúmọ́ ni ó ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: "ulé," "ùlú." Ẹ ka lẹ́tà wa, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni. Kò sí gh níbẹ̀. Ní Ọ̀wọ̀, ìró yẹn wà nínú orúkọ ìlú fúnra rẹ̀: Ọ̀ghọ̀ ni onílùú ń pè é. Àwa tó kù la sọ ọ́ di Ọ̀wọ̀ nínú ìwé.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ fún àgbà náà ńkọ́? Nínú Yorùbá inú ìwé, "ẹ" ni a fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀, "o" ni fún ẹgbẹ́ ẹni àti ọmọdé. Ní Òǹdó àti láwọn ibòmíràn ní ìhà ìlà oòrùn, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ò pín in báyẹn. Ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ẹni tó ti ibẹ̀ wá á sọ̀rọ̀ bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, àwọn mìíràn á ní kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ilé wo? Ẹ̀kọ́ ilé tirẹ̀ ló ń tẹ̀lé gan-an! Ẹ sì rántí pé "ìwọ" ni Bíbélì wa fi ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tó ní ìyẹn jẹ́ àfojúdi.

Kí àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn má tíì máa yọ̀ o. Ìwé ya s sọ́tọ̀ kúrò lára ṣ, bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn, "isu" ni iṣu, "sùgbọ́n" ni ṣùgbọ́n. Àwọn tí egungun ìwé jẹ́ tiwọn gan-an ní láti kọ́ bí a ṣe ń kà á. Gbogbo wa la san owó ibodè. Àwọn kan kàn san jù àwọn mìíràn lọ ni.

Ìwé náà kò sì dúró sójú kan. Ẹ mú Bíbélì àtijọ́ kan tó jẹ́ ti ìyá yín àgbà, ẹ ó rí "aiye," "nwọn," "enia," "ẹnyin," "onjẹ." Àwọn ọ̀dọ́ máa ń rò pé Yorùbá àtijọ́ nìyẹn, tí wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀ tí ó ti kú. Rárá o. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ló yí padà. Ní 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé gbé ìwé jáde lórí ọ̀nà tó yẹ kí á máa gbà kọ Yorùbá. Ní 1966, ìgbìmọ̀ kan jókòó lé e ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Nígbà tó fi di 1974, ìjọba ti fọwọ́ sí ìlànà tuntun: ayé, wọ́n, ènìyàn, ẹ̀yin, oúnjẹ. Bàbá tó ka "nwọn" àti ọmọ tó ka "wọ́n," ohùn kan náà ló jáde lẹ́nu wọn.

Ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn ará wa ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ń lo ìlànà mìíràn. Lẹ́tà èdè ìbílẹ̀ tí ìjọba wọn gbé kalẹ̀ ní 1975 ń lo ɛ níbi tí a ti ń lo ẹ, ɔ níbi tí a ti ń lo ọ, sh níbi tí a ti ń lo ṣ, àti kp níbi tí a ti ń lo p. Ẹni tó bá wá láti ibẹ̀ á kí wa ní "Pẹ̀lẹ́," a ó gbọ́. Ṣùgbọ́n bó bá kọ ọ́ sílẹ̀, "kpɛ̀lɛ́" la ó rí. Òdìkejì ti Ṣáínà gan-an nìyẹn. Àwọn ní ìwé kan, ohùn púpọ̀. Àwa tún ní ohùn kan, ìwé méjì.

Àmì tí à ń jù nù

Ohun kan wà tí a ò gbọ́dọ̀ fojú kéré. Bí ará Ṣáínà ò bá kọ àmì ohùn, ìtumọ̀ ò sọnù, torí inú àwòrán ni ìtumọ̀ wà. Tiwa, inú ohùn ni ìtumọ̀ wà. Ẹ kọ "igba" láìní àmì, kí ẹ wá sọ fún mi: ṣé igba tó jẹ́ iye ni, àbí igbá tí a fi ń bu omi, àbí ìgbà tó ń kọjá lọ? Ẹ kọ "oko" láìní àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀, kí ọmọ tí wọ́n bí ní Gwarinpa tàbí Kubwa bá yín yà á kúrò lára ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́. Àwa àgbà máa ń rí i kà torí pé ẹnu wa ti mọ ohun tó ń bọ̀. Ìwé kàn ń rán wa létí ohun tí a ti mọ̀ ni. Ọmọ tí kò gbọ́ ọ nílé kò ní ohun tí ìwé lè rán an létí. Bí orin bá wá hàn lára ògiri láìní àmì kankan, a ó ní ọmọ ò mọ Yorùbá kà. Àwa la kọ ohun tí kò ṣeé kà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Freetown

Ibi tí ìtàn yìí ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n rèé. Freetown ni wọ́n ti bí Yorùbá inú ìwé. Ẹ lọ síbẹ̀ lónìí, Krio ni àwọn ọmọ-ọmọ Akú ń sọ. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣì wà nínú Krio: wọ́n ṣì ń jẹ akara, wọ́n ṣì ń ṣe awujoh, ìyẹn àsè tí wọ́n ń kó ara wọn jọ sí, tí ó jẹ́ "àwùjọ" tiwa. Ṣùgbọ́n Yorùbá gẹ́gẹ́ bí èdè tí ìyá ń fi pe ọmọ lábẹ́ òrùlé ti lọ. Ìlú tó fún wa ní ìwé ti pàdánù ẹnu.

Kì í ṣe ìwé ni wọn ò ní. Ìwé pọ̀ níbẹ̀ ṣáájú tiwa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n jẹ́ àwọn tó ti ibi púpọ̀ wá, wọ́n bá ara wọn nílùú àjòjì, wọ́n bímọ síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ilé ìwé àti ti ọ́fíìsì, Krio ni èdè ojú pópó. Ẹ̀yin ará, ṣé ìyẹn ò jọ ìlú kan tí ẹ mọ̀? Ní 12 December 1991 ni wọ́n kó olú-ìlú kúrò ní Èkó wá sí Abuja. Láti ìgbà náà ni a ti ń dé láti Kàbbà, Ọ̀fà, Adó-Èkìtì, Ìjẹ̀bú-Òde, Òṣogbo, tí a ń bímọ síbí, tí Gẹ̀ẹ́sì sì ń dúró de àwọn ọmọ lẹ́nu géètì ilé ìwé.

Nítorí náà, mi ò bá àwọn tó ń bẹ̀rù fún àwọn ọmọ jiyàn pé ewu ò sí. Ewu wà. Ibi tí a ti yapa ni pé wọ́n rò pé ìwé tó le ló ń lé àwọn ọmọ lọ. Mo rò pé ẹnu tó ń dákẹ́ ni. Ìwé Ṣáínà wà láàyè lẹ́nu ará Hong Kong nítorí pé ó ní ohùn ilé kan tó ń fi kà á. Gba ohùn ilé yẹn kúrò, àmì lásán ló kù. Àgbàlagbà tí a fi rẹ́rìn-ín títí tó fi dákẹ́ ni ilé ìwé Yorùbá tó sún mọ́ àwọn ọmọ wa jù. Nígbà tí ìyá Ìjùmú bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì tó fọ́ bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, torí wọ́n ní Yorùbá rẹ̀ "ò dáa," ọmọ yẹn ò rí Òkun gbà, kò sì rí Yorùbá inú ìwé gbà.

Yorùbá inú ìwé dà bí àgbàlá agbo ilé. Gbogbo wa la ni ín, ibẹ̀ la ti ń pàdé, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé yàrá òun ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń sùn ní àgbàlá. Olúkúlùkù ní yàrá tó ti jáde wá. Bí gbogbo yàrá bá ṣófo, ta ni yóò wá pàdé ní àgbàlá?

Ohun tí a lè ṣe kò le. Kíkà nínú ìwé, ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà, torí ìfẹnukò àwọn baba wa ni, ó sì dára. Ṣùgbọ́n àdúrà àti ẹ̀rí, kí olúkúlùkù máa fi ohùn ilé rẹ̀ ṣe é. Àwọn tí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, kí wọ́n béèrè rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Kí àwọn tó ń gbé orin sára ògiri máa fi àmì ohùn sí i, bó bá tilẹ̀ jẹ́ ẹsẹ kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n lè ṣe. Kí àwọn ọ̀dọ́ tó ní fóònù jókòó ti àwọn àgbà ìjọ, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pa ìtàn ìlú wọn, ní èdè tí wọ́n fi gbọ́ ọ. Àmọ́ kí ó tó kan fóònù, ẹ pe ọmọ yín lálẹ́ òní, ẹ bi í pé kí ni ìyá yín àgbà ń pe ilé, ẹ sì jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ pè é. Ilé ni o, tàbí ulé, méjèèjì ló ń gbani sí.